Àwọn Afọ̀nàhàn Ayélujára

Abèèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rìnrìn àjò dáadáa mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí a bi léèrè ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìlú tí ẹ kò dé rí, tí ẹ ń wá agbo ilé kan, tí ẹ sì bi ìyá arúgbó tó ti ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà láti ọdún gbọọrọ, yóò júwe rẹ̀ fún yín títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lè fi ọmọ kan tẹ̀ lé yín. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́kadà tí kò tíì rí tà láti àárọ̀ ni ẹ bi, á ní òun mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó, á gbé yín, ẹ ó sì jọ máa yí ìlú ká.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé lónìí, tàbí fóònù tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ojoojúmọ́ ló ń béèrè ọ̀nà. Ó ń wá èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà. Ó ń wá orúkọ oògùn tí dókítà kọ fún un, kó lè mọ ohun tó fẹ́ gbé mì. Á tẹ ìbéèrè rẹ̀ sínú àpótí funfun kékeré kan, kó sì tó ṣẹ́jú ìdáhùn ti dé. Ó rọrùn débi pé a kì í tilẹ̀ bi ara wa pé ta gan-an ló ń dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀, nígbà kan, ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni à ń bi. Bí iṣẹ́ náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ènìyàn bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ, tó sì tún ti ọwọ́ ẹ̀rọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó ìpolówó, ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀.

Ní ọdún 1969 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi owó sílẹ̀ tí wọ́n so àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ní yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìwádìí mélòó kan pọ̀, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. ARPANET ni wọ́n pe ìsopọ̀ náà, òun sì ni ìyá tó bí ayélujára tí a ń lò yìí. Kò pẹ́ tí ìṣòro fi dé. Ta ló mọ ohun tó wà níbo? Kọ̀ǹpútà wo ló wà ní yunifásítì wo, kí ló lè ṣe, ta sì ni ènìyàn máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ SRI, ní Menlo Park ní ìpínlẹ̀ California, Douglas Engelbart, ọkùnrin tó ronú kan máòsì tí a fi ń tọ́ka lójú kọ̀ǹpútà, pe obìnrin kan wá ní ọdún 1972 kó wá bá òun ṣiṣẹ́. Elizabeth Feinler ni orúkọ rẹ̀, Jake ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kẹ́míkà ni obìnrin yìí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí Engelbart kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni kó ṣe ìwé kan tí yóò kó gbogbo ohun tó wà lórí ìsopọ̀ náà jọ. Feinler gbé tẹlifóònù, ó ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà títí di ọdún 1989, ọ́fíìsì rẹ̀ ni ojú ọ̀nà. Fáìlì kan wà lọ́wọ́ wọn tí gbogbo orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìsopọ̀ náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà oníkálukú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórúkọ, ọ̀dọ̀ wọn ló máa lọ, kí wọ́n má baà fún ẹni méjì ní orúkọ kan náà. Ẹ rò ó wò: gbogbo ayélujára nígbà náà, nínú ìwé orúkọ kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí ẹ lè pè lórí tẹlifóònù. Ó dára bí ilé ṣe kéré. Ìgbà tí ilé wá ń pọ̀, apá wọn kò ká a mọ́. Ní 1983 Paul Mockapetris wá ọgbọ́n sí i, ó ní kí wọ́n pín orúkọ sí àgbègbè àgbègbè, kí olórí àgbègbè kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì Feinler wà lára àwọn tó fẹnu kò lórí .com fún oníṣòwò, .edu fún ilé ẹ̀kọ́, .gov fún ìjọba. Ti Nàìjíríà, .ng, dé ní 1995.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀. Àdírẹ́sì ayélujára kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọwọ́ òsì. Bí akọ̀wé pósítọ́fíìsì ṣe ń ka ara ẹ̀ńfílọ́ọ̀pù ni à ń kà á. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orúkọ orílẹ̀-èdè wà, ni akọ̀wé kọ́kọ́ máa wò, kó tó ka ti ìlú, kó tó ka ti àdúgbò. Àdírẹ́sì Yunifásítì Ìbàdàn ni ui.edu.ng. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ng, Nàìjíríà ni, edu, ilé ẹ̀kọ́ ni, ui, ti Ìbàdàn nìyẹn.

Ọdún 1990 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ bá ènìyàn dá sí iṣẹ́ wíwá nǹkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Barbados, Alan Emtage, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì McGill ní Montréal, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn yunifásítì kó sílẹ̀ káàkiri. Iṣẹ́ náà sú u. Ó wá kọ ètò kan tó máa ń lọ yíká lóru, tó ń ka orúkọ fáìlì tó wà ní ibi gbogbo, tó sì ń kó wọn wá sílé. Ó pè é ní Archie. Kí Google tó dé ní ọdún mẹ́jọ ni ọmọ Barbados yìí ti ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí. Kò gba ẹ̀tọ́ kankan lé e lórí tí yóò sọ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi Google jẹun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn Archie ni Gopher dé láti Yunifásítì Minnesota ní 1991. Gopher rọrùn jọjọ: ó to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ẹ yan nọ́ńbà, ó ṣílẹ̀kùn, ẹ tún yan òmíràn. Ó gbajúmọ̀ kíákíá, bóyá òun náà ni à bá sì máa lò lónìí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 yunifásítì náà kéde pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn kan tó ń lo ètò náà. Àyà àwọn ènìyàn já. Ní 30 oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ ìwádìí CERN ní Switzerland, níbi tí Tim Berners-Lee ti ń ṣe Wẹ́ẹ̀bù tirẹ̀ láti 1989, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Wẹ́ẹ̀bù di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni kò ní san kọ́bọ̀. Ohun tí gbogbo èrò ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ọdún náà ni àwọn ọmọ Yunifásítì Illinois gbé Mosaic jáde, bíráwúsà tó ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ hàn pọ̀ lójú ewé kan. Bí wọ́n ṣe sín Gopher sí ẹ̀yìn odi nìyẹn. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí Berners-Lee kọ ṣì wà ní info.cern.ch bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó. Kò sí ẹwà kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti ń to orúkọ àwọn ojú ewé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Àwọn òǹtẹ̀wé náà kò sùn. Ní 1992 Ed Krol kọ ìwé ńlá kan tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ àdírẹ́sì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1994 Harley Hahn àti Rick Stout tẹ òmíràn jáde, tó dà bí ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù gẹ́lẹ́: ẹ wá ọ̀rọ̀ ọgbà, ẹ wá ọ̀rọ̀ oúnjẹ sísè, àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Ìwé àtẹ̀jáde nípa ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́! Bí òǹtẹ̀wé ṣe ń di ìwé náà ni àwọn ilé tó wà nínú rẹ̀ ń kó kúrò. Síbẹ̀ ó tà.

Ibi tí ìtàn yìí dùn mọ́ mi jù ni ti Yahoo. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, Jerry Yang àti David Filo ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ gíga ní Yunifásítì Stanford, nínú ọ́fíìsì onípákó alágbèéká kan tí ìdọ̀tí kún. Dípò kí wọ́n dojú kọ ìwé wọn, wọ́n ń to orúkọ ojú ewé tó wù wọ́n jọ. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe àkójọ náà, Atọ́nà Jerry àti David, kí wọ́n tó yí i padà sí Yahoo nínú ọdún yẹn. Àkójọ náà ń gùn, wọ́n pín in sí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí ń wúwo, wọ́n tún un pín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ, á wọ inú Ìlera, á wọ inú Àìsàn, á rí i níbẹ̀. Ní 1995 ó di iléeṣẹ́, wọ́n sì gba Srinija Srinivasan, obìnrin tó mọ bí a ṣe ń to ìmọ̀ sí ipò, kó wá máa ṣe olórí àwọn tó ń ṣètò ìsọ̀rí.

Ohun tó yẹ kí á kíyè sí ni èyí: ènìyàn ló ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ kan jókòó, ó wọ ibẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi ara rẹ̀ pé ṣé èyí wúlò, ibo ni kí n fi sí? Wọ́n lè ṣàṣìṣe, wọ́n sì lè ṣojúsàájú. Òògùn ìbílẹ̀ tiwa lè bọ́ sí ìsọ̀rí tí kò bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tó ń tò ó kò mọ̀ ju ìlú tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni, ẹ lè kọ̀wé sí i, kó sì tún un ṣe. Ní 1998 àwọn kan tún dá irú àkójọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tí a wá mọ̀ sí DMOZ, tó jẹ́ pé àwọn tí kò gba owó oṣù ni wọ́n ń tò ó, oníkálukú lórí ohun tó mọ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní nǹkan bí ọdún 2000 kò ní gbàgbé sáíbà káfẹ́. Kí GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tẹlifóònù ilé pàápàá kò sí lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kọ̀ǹpútà. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ẹ ó jókòó, aago kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn ní igun kọ̀ǹpútà. Ojú ewé kan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe àìsùn níbẹ̀ nítorí pé owó òru dínkù. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Bébà kékeré ti wà lápò rẹ̀ tó kọ àdírẹ́sì sí, lẹ́tà lẹ́tà, tí ọ̀rẹ́ kan fún un tàbí tó dà kọ láti inú ìwé ìròyìn. Bí ó bá ṣi àmì kan kọ, owó ti wọlé. Èmi gbà pé àwọn tó lo káfẹ́ nígbà náà mọ àdírẹ́sì kà ju àwọn ọmọ tí wọ́n bí fóònù mọ́ lọ́wọ́ lọ. Ìyà ló kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ojú ewé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè kà á tán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995 iléeṣẹ́ Digital gbé AltaVista jáde, ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú ewé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan. Ìdáhùn dé lọ́pọ̀ yanturu, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ béèrè ẹyọ kan, ó da ẹgbẹ̀rún síwájú yín, pàǹtírí sì lè ṣíwájú ohun gidi. Larry Page àti Sergey Brin, tí àwọn náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford, ló wá ojútùú rẹ̀ láti 1996, wọ́n sì dá Google sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Ọgbọ́n wọn kò ṣòro láti yé ọmọ Yorùbá. Bí a bá dé òde àríyá, báwo la ṣe ń mọ ẹni ńlá? A ó wo iye àwọn tó ń kí i. Kì í sì ṣe iye nìkan. Bí àwọn tó ń kí i bá jẹ́ ẹni tí ayé ń kí, ẹni náà ju ẹni lọ. Google ka ìjápọ̀ láti ojú ewé kan sí òmíràn bí ìkíni. Ojú ewé tí àwọn ẹni iyì bá kí, òun ló ń lọ sókè. Ó gbéṣẹ́ débi pé láti ọdún 2000 títí di 2004, Yahoo fúnra rẹ̀ ń lo Google láti dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó iná? Nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí Brin àti Page kọ ní 1998 nípa ẹ̀rọ wọn, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ ìṣàwárí tó bá ń jẹun láti ara ìpolówó, ọ̀dọ̀ olówó ìpolówó ni yóò máa tẹ̀ sí, yóò sì máa fi ẹni tó ń béèrè sílẹ̀. Ọdún 1998 kan náà ni iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ GoTo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ipò: ẹni tó bá san owó jù ló wà lókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpolówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹnu tó kìlọ̀ ló jẹ ẹ́. Ní 2002 àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí pé kí wọ́n máa sàmì sí ohun tí wọ́n gba owó lé lórí kí ojú ènìyàn lè tó o. Àmì náà wà títí dòní, ṣùgbọ́n ó kéré, ojú tó bá ń kánjú kì í rí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 adájọ́ Amẹ́ríkà kan dá Google lẹ́bi pé ó rú òfin láti mú ọjà ìṣàwárí dání fún ara rẹ̀ nìkan. Ohun tó hàn nílé ẹjọ́ náà ni pé ní 2021 nìkan, ó san dọ́là tó ju bílíọ̀nù 26 lọ fún àwọn oníṣẹ́ fóònù àti bíráwúsà kí wọ́n lè fi òun sí ipò ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò yan afọ̀nàhàn rárá. Inú fóònù la bá a.

Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè nǹkan, ẹ má tẹ ìlà àkọ́kọ́ nítorí pé ó wà lókè. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni. Ẹ sàlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka àdírẹ́sì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe júwe rẹ̀. Ẹ ti ibi ìlà dídagun àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ padà sẹ́yìn, láti ọ̀tún sí òsì. Ìjọba nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí .gov.ng. Àdírẹ́sì JAMB ni jamb.gov.ng, ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ jamb.gov.ng, tí àmì tótó àti ọ̀rọ̀ mìíràn tún tẹ̀ lé e kó tó wá parí sí .com, kì í ṣe JAMB ló ni ilé yẹn. Onílé ni orúkọ tó wà ní ìparí, èyí tó wà níwájú ọṣọ́ lásán ni. Ọ̀pọ̀ òbí ni owó fọ́ọ̀mù ọmọ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ olè nítorí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo náà ń kọ́? Láti àwọn ọdún 1990, nígbà ayé Netscape, ni wọ́n ti ń fi àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí àgádágodo hàn pé ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni a óò dì mọ́ra kí ẹlòmíràn má lè kà á lójú ọ̀nà. Àwọn ènìyàn wá gbà pé àgádágodo túmọ̀ sí olóòótọ́. Rárá o. Àpótí tí a tì pa ni, kò sọ irú ẹni tó ń gba àpótí náà lọ́wọ́ yín. Láti ìparí ọdún 2015 ni ẹnikẹ́ni ti lè gba àgádágodo lọ́fẹ̀ẹ́, olè náà sì wà lára ẹnikẹ́ni. Nítorí àṣìgbọ́ yìí ni Google fi yọ àwòrán náà kúrò lókè bíráwúsà rẹ̀, Chrome, ní 2023.

Ọgbọ́n díẹ̀ wà tí ẹ̀rọ ìṣàwárí ṣì ń gbọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lò. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò yí gbólóhùn kan ká, yóò wá a bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kọ site:gov.ng mọ́ ìbéèrè yín, ilé ìjọba Nàìjíríà nìkan ni yóò wò. Bí ó bá jẹ́ site:edu.ng, ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Àmì ìyọkúrò tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti èdè Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwa mọ̀ pé oko kì í ṣe ọkọ, ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ọ̀kan, ó sì lè ka ọ̀kan sí méjì. Ẹlòmíràn fi àmì tótó sábẹ́ ọ, ẹlòmíràn fi igi kékeré sábẹ́ rẹ̀ bí àwọn ìwé àtijọ́ ṣe ń ṣe. Lójú wa bákan náà ni, nínú kọ̀ǹpútà lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá ń wá ohun Yorùbá, ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí i. Bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀ orúkọ ènìyàn ni, ẹ má wulẹ̀ dààmú ẹ̀rọ, ẹ lọ tààrà sí yorubaname.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀. Ènìyàn ló ń tò ó, àwọn tó gbọ́ èdè náà sì ni.

Ní báyìí afọ̀nàhàn mìíràn tún ti dé. Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ ti ń júwe ilé, ó sì ń sọ ohun tó wà nínú ilé fún wa kí á tó débẹ̀ rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sókè fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti gba ẹnìkan nímọ̀ràn pé kó po gọ́ọ̀mù mọ́ ọbẹ̀ tòmátò orí písà kí wàràkàṣì má baà yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àwàdà tí ẹnìkan ṣe lórí ayélujára ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú ni ẹ̀rọ náà gbé, tó sì sọ ọ́ bí òótọ́. Ìjápọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí ọ̀rọ̀ owó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wọlé, ẹ ka àdírẹ́sì onílé.

Àwọn afọ̀nàhàn àtijọ́ ńkọ́? Yahoo ti àkójọ rẹ̀ pa ní ìparí ọdún 2014. DMOZ kógbá sílé ní oṣù kẹta ọdún 2017. AltaVista ti kú ní 2013. GeoCities, níbi tí àwọn ènìyàn lásán ti ń kọ́ ilé tiwọn, tí Yahoo rà ní 1999, ni Yahoo wó palẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Àwòrán ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìtàn ìdílé wà níbẹ̀, oúnjẹ tí ìyá àgbà kan ń sè àti bó ṣe ń sè é. Àwọn kan sáré dà á kọ kí iná tó kú, wọn kò sì rí gbogbo rẹ̀ kó.

Ẹni tó bá bá ilẹ̀kùn níbi tó ti ń gba ohun kan tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ní ojú ewé náà kò sí mọ́, kó má tíì lọ. Kó lọ sí web.archive.org, kó tẹ àdírẹ́sì náà síbẹ̀, kó sì yan ọdún tó fẹ́. Brewster Kahle ló dá ilé ìpamọ́ náà sílẹ̀ ní 1996, ó ṣí i fún gbogbo ayé ní 2001. Inú ilé ìjọsìn àtijọ́ kan ní San Francisco ni wọ́n wà. Ẹyin náà lè fi ojú ewé tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù pamọ́ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àyè rẹ̀ wà lójú ewé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ tiyín gan-an, fọ́tò òbí yín, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ẹ dà á kọ sí ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ara yín, kì í ṣe lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kankan.

Elizabeth Feinler ṣe irú rẹ̀. Ó kó àwọn ìwé ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ pamọ́, ó sì fi wọ́n ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà tó wà ní Mountain View, California, lọ́rẹ. Páálí wọn ń lọ bí 350, bébà ló kún inú wọn.